Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Adójútòfò Ìlera fún Aláìní ní Ilẹ̀ Òkun

Òfin kan wà ní Nàìjíríà lónìí tí ó sọ pé gbogbo ẹni tí ń gbé orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera, èyí tí a fi ń san owó ìtọ́jú sílẹ̀ ṣáájú kí àìsàn tó dé, tí ó sì tún ní kí a dá àpò owó kan sílẹ̀ tí a ó fi máa san ti àwọn tí kò lágbára. Ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn ènìyàn wa léèrè ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ní Kàbà, ní Ìyàrà, ní ọjà Ìsánlú àti ní àwọn abúlé Bùnú, bóyá wọ́n mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni èyí. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá. Àwọn tí ó ti gbọ́ nípa rẹ̀ rò pé ti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni, àwọn mìíràn sì rò pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí àwọn olóṣèlú máa ń pín fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn nígbà ìdìbò. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ètò náà, kí n sì sọ ibi tí mo rò pé ó ti ń já àwọn aláìní wa kulẹ̀ jù, èyí tí í ṣe ìdí ìwé tí a ti ń kọ orúkọ.

Tálákà ilẹ̀ Òkun ṣòro láti fi ojú dá mọ̀. Ó lè ní ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́, kí ó ní ilẹ̀ tí ó fi ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́, kí igi kajú rẹ̀ pọ̀, kí ọmọ rẹ̀ kan tilẹ̀ ti jáde ní yunifásítì, síbẹ̀ kí ó má ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ ní oṣù keje ọdún. Owó àgbẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù. Láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún tí kajú bá ń bọ́ ni owó máa ń wà, lẹ́yìn náà ọwọ́ a há títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Ìgbà òjò gan-an, tí ẹ̀fọn pọ̀ tí owó kajú sì ti tán, ni ibà máa ń dá àwọn ọmọdé wa dùbúlẹ̀. Ẹni tí ó bá wá láti ìlú ńlá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, tí ó wo òrùlé páànù àti ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé onítọ̀hún kì í ṣe aláìní, yóò sì kọjá lọ.

Mo mọ ìdílé kan ní Ìjùmú tí ìyàwó ọmọ wọn rọbí di ọjọ́ kejì. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà sì sọ pé iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó kù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó sílẹ̀. Oṣù kejìlá ni, igi kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná. Bàbá ilé náà pe oníṣòwò kajú kan lórí fóònù, oníṣòwò gun ọ̀kadà wá, ó rìn yí oko ká, ó gbójú sókè wo òdòdó lórí igi, ó sì dá iye kan tí kò tó ìdajì ohun tí èso náà yóò pa ní oṣù kẹta. Bàbá gbà á. Orí ewé kan tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n tẹ̀ka sí. Ìyá àti ọmọ yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kẹta dé, tí àwọn ará àdúgbò ń ko kajú tiwọn sínú àpò, àwọn ọmọ ilé náà ń ṣa kajú fún ẹlòmíràn nínú oko bàbá wọn, méjì nínú wọn kò sì padà sí ilé-ìwé ní sáà tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ wà lára ohun tí ìjọba ti ní àpò owó fún. Aboyún wà lára àwọn tí òfin 2022 dárúkọ pé kí a máa san tiwọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn arúgbó, àwọn abirùn ní ara tàbí ní ọpọlọ, àti àwọn tí kò rí jájẹ. Aboyún ni obìnrin náà, aláìní sì ni. Kò sí ẹnì kankan tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kí oyún rẹ̀ tó di ti ìrọbí, kò sì sí bí a ti í ṣe é ní òru ọjọ́ tí iṣẹ́ abẹ bá délẹ̀. Nínú gbogbo owó tí a ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá tí ó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà, oko kajú irú èyí sì wà lára ibi tí owó náà ti ń wá.

Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí adójútòfò ìlera, ní ọdún 2005 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ṣí i fún iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, àwọn àti ọkọ tàbí aya wọn pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Àgbẹ̀, alápatà, aránṣọ àti ìyá tí ń dín gàrí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin ìlera ti ọdún 2014 wá, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù, èyí tí ó ní kí a máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé sí àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́dé, èyí tí ó sún mọ́ ará ìlú jù. Ọdún 2018 ni owó yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú ìwé ìṣúná. Ó sún mọ́ ìlàjì rẹ̀ tí ó ń gba ọwọ́ àjọ adójútòfò ìlera ti orílẹ̀-èdè kọjá sí ọ̀dọ̀ àjọ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn náà yóò fi san ti àwọn aláìní tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn; ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún sì ń gba ọ̀nà mìíràn lọ tààrà sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ní tiwa, àjọ adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Kogí, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ni iṣẹ́ náà já lé lọ́wọ́.

Ohun tí owó yìí ń san fún aláìní kò kéré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo àìsàn ni ó kó. Ìtọ́jú aboyún wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ó bá ti forúkọ oyún sílẹ̀ títí di ìgbà tí yóò bí, àti iṣẹ́ abẹ bí ìbí bá di ìṣòro. Ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ìtọ́jú ibà wà fún ọmọdé àti àgbà, ìfètò-sọ́mọ-bíbí wà, wọ́n sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wò láti mọ̀ bóyá ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní òbí nílé fi ọkàn sí wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, nítorí pé òun ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ṣubú nínú oko láìsí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ń ṣe wọ́n. Ẹni tí ó bá ní jẹjẹrẹ tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ kò lè gbára lé ètò kékeré yìí nìkan, ó yẹ kí a sọ òtítọ́ ìyẹn fún ara wa.

Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé kí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan, ó kéré tán, wà nínú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ 21 ni ó wà ní Kogí, wọ́ọ̀dù tí ó wà nínú wọn sì jẹ́ 239. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ohun tí ń wọ àpò ilé ìwòsàn alábọ́dé kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta láti ra oògùn, tún òrùlé ṣe àti láti ṣètò omi lé díẹ̀ ní 300,000 náírà, wọ́n sì ti sọ láti ìgbà náà pé àwọn yóò fi kún un. Owó yìí kò gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kọjá. Inú àkáǹtì ilé ìwòsàn náà gan-an ni ó ń wọ̀, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tí ó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ àti aṣojú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ni ó sì ń jọ buwọ́ lu ìwé kí owó tó lè jáde. Ará ìlú ni ó ń jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ yẹn: olóyè, ìyálọ́jà, olùṣọ́ àgùntàn, àlùfáà, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, aṣojú àwọn ọ̀dọ́. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ mọ ẹni tí ó ń buwọ́ lùwé ní wọ́ọ̀dù tiyín. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti bi àwọn ènìyàn léèrè, kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ àwọn aláìní tún wà lọ́wọ́ ará ìlú, tàbí kí n sọ pé ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé orúkọ àwọn tálákà tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ń lò ní ìlànà tirẹ̀: wọn a lọ sí abúlé, wọn a pín àwọn ará abúlé sí agbo mẹ́ta, àwọn ọkùnrin lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Agbo kọ̀ọ̀kan yóò sọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣẹ́ ní abúlé wọn, wọn yóò sì dárúkọ àwọn ilé tí ó ń jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kó orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, orúkọ tí àwọn agbo náà bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni yóò sì wọ ìwé. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí, nítorí pé àwọn obìnrin máa ń mọ ilé tí iná kì í jó lábẹ́ ìkòkò, èyí tí àwọn ọkùnrin kò mọ̀ tàbí tí wọn kò ní fẹ́ sọ.

Àmọ́ ìtìjú wà nídìí rẹ̀. Ọmọlúàbí ilẹ̀ wa kì í fẹ́ kí a pe òun ní tálákà lójú agbo. Bàbá tí ó ti sin òkú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú màlúù, tí ó ti jẹ oyè ní ìlú, yóò sọ fún ọ pé kí o fún àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù òun lọ, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ewé àti egbòogi gbé ikọ́ olóṣù mẹ́ta kiri. Opó tí ó wá láti ìlú mìíràn wá fẹ́ ọkọ kò ní ẹbí nínú ìpàdé tí yóò dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó ń dá gbé inú oko, lẹ́yìn odò, kì í gbọ́ pé ìpàdé wà. Àwọn tí ó sì yẹ kí ó máa kọ́kọ́ wọ ìwé kì í wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ọ́, a sì rí ìwé tí orúkọ àbúrò alága àti ìyàwó akọ̀wé wà lókè rẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwa náà ni à ń ṣe é fún ara wa, tí a bá sì ń di ẹ̀bi ru Àbújá lójoojúmọ́, kò ní tán nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìtìjú, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ NIN ni odò kejì tí aláìní gbọ́dọ̀ là kọjá, nítorí pé ìforúkọsílẹ̀ náà ń béèrè rẹ̀. Mo jókòó ti àwọn tí ń ṣe é ní abúlé kan, ìyá àgbà kan sì wà níwájú ẹ̀rọ tí ó ń ka ìka ọwọ́. Ẹni tí ó ti ń dín gàrí láti ìgbà èwe ni. Ooru agbada àti ìgbá tí ó fi ń ro gàrí ti jẹ ilà ìka rẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ọmọkùnrin tí ó ń lo ẹ̀rọ náà sọ pé, "Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́," ó sì tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn. Wọ́n fi aṣọ tútù nu ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi ìpara díẹ̀ sí i, wọ́n tún nù ún. Iná pupa tún tàn. Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ yìí náà ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́fà." Ìka kékeré ọwọ́ òsì ni ẹ̀rọ gbà níkẹyìn, lẹ́yìn tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Sùúrù ni ọmọkùnrin náà ní tí ọ̀ràn náà fi yọrí sí rere, bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ìyá náà ì bá ti padà sílé.

Orúkọ pàápàá máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ ìrìbọmi ni ó wà lórí NIN, orúkọ àbísọ ni ó wà lórí káàdì ìdìbò, orúkọ ọmọ rẹ̀ àgbà sì ni gbogbo abúlé fi ń pè é. Nígbà tí akọ̀wé bá pe orúkọ tí ó wà lórí ìwé, arúgbó náà kì í mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Nǹkan tí ọ̀dọ́ kan tí ó mọ abúlé lè yanjú ní ìṣẹ́jú méjì ni èyí, kí ó ṣáà ti wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n yan ẹni méjì tí yóò máa tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà nígbàkígbà tí wọ́n bá wá, tí yóò sì ti mọ ilé tí a gbọ́dọ̀ yà sí kí ọkọ̀ wọn tó wọ ìlú. Ní Ìyàgbà lónìí, tí ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lóko tí ó sì mú kí àwọn àlejò má fẹ́ wọ ọ̀nà inú igbó, bí ẹni tí ó mọ ọ̀nà kò bá sin òṣìṣẹ́ lọ, kò ní dé ibẹ̀ rárá, àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò sì wà láìní orúkọ nínú ìwé.

Àwọn kan wà tí kò tíì burú fún tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ wọn yóò fi wọ ìwé àwọn aláìní, tí owó ilé ìwòsàn sì lè sọ di aláìní ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Fún irú wọn, àjọ ìpínlẹ̀ ní ètò tí ènìyàn lè fi owó ara rẹ̀ wọ̀ lọ́dọọdún, ti orílẹ̀-èdè náà sì ní ètò GIFSHIP fún ẹnì kan, ìdílé tàbí ẹgbẹ́. Ìbéèrè kan tí mo máa ń gbọ́ ní ọjà ni pé, "Bí n kò bá ṣàìsàn lọ́dún yìí, ta ni yóò dá owó mi padà?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí á fi ẹnu gbá a dànù. Nínú èsúsú, gbogbo ẹni tí ó dá owó ni yóò kó o nígbà tí ó bá kàn án. Nínú adójútòfò, ẹni tí àìsàn kàn ni ó ń kó o, owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀, kí ti ẹni yẹn náà tó dé. Ẹni tí kò bá kó nǹkankan lọ́dún yìí ti fi owó rẹ̀ gba ọmọ aládùúgbò rẹ̀ là. Mo ti rí i pé nígbà tí a bá sọ ọ́ báyìí fún àwọn ìyá ọjà, wọ́n máa ń gbọ́ ọ yé, nítorí pé irú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí iná bá jó ìsọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí a ń béèrè owó náà ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá wá bá àgbẹ̀ ní oṣù kẹjọ pé kí ó san owó ọdún kan, asán ni yóò bá pàdé. Oṣù kẹta ni kí ó wá, sí ibi tí wọ́n ti ń wọn kajú, kí ó gbé tábìlì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n. Ètò irú èyí sábà máa ń ní àkókò ìdúró láàárín ìgbà tí a san owó àti ìgbà tí káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá san án ní oṣù kẹta yóò ti wà lábẹ́ ààbò rẹ̀ kí òjò tó mú ibà wá. Mo ti sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fetí sí mi nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun, ẹ kò ní bínú bí mo bá bá yín sọ̀rọ̀ lójúkojú. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa mọ owó dá. Wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ààfin, wọ́n sì máa ń fi ọ̀pọ̀ owó ṣe ọjọ́ ìlú. Nígbà tí àìsàn bá dé, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ní òru lórí fóònù, nínú ìpayà, pọ̀ ju owó adójútòfò ọdún púpọ̀ lọ. Bí ẹgbẹ́ ìlú kan bá lè gba orúkọ àwọn opó àti arúgbó ìlú náà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, kí wọ́n san owó ọdún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yóò ga ju gbọ̀ngàn lọ.

Àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà nínú yín mọ Medicaid, ètò ìlera àwọn tí owó wọn kéré, tí Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lù ní ọdún 1965. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ni ó jọ ń san owó rẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ni ó ń darí tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí òfin ìlera ti ọdún 2010, tí wọ́n ń pè ní Obamacare, fẹ ètò náà lójú, tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì sọ ní 2012 pé ìpínlẹ̀ lè kọ̀ ọ́, Texas kò gbà á di òní. Ẹ sì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orúkọ wò lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà: ó lé ní mílíọ̀nù 20 ènìyàn tí wọ́n yọ orúkọ wọn, púpọ̀ jù nínú wọn kò sì kúrò nítorí pé owó wọn ti pọ̀ sí i. Fọ́ọ̀mù tí wọn kò dá padà ni, lẹ́tà tí ó lọ sí ilé tí wọ́n ti kó kúrò ni. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà wọn, ẹ wo bí yóò ti rí fún ìyá tí ẹ̀rọ kò lè ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ghana tí ó wà nítòsí wa náà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2003, wọ́n fi owó orí ọjà gbé e ró, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún aboyún ní ọdún 2008. Owó tí gbogbo ènìyàn ń san láìmọ̀ lórí ọjà ni ó ń san ti aláìní níbẹ̀, mo sì rò pé ọ̀nà náà dára ju kí a máa dúró de ohun tí ìṣúná ọdọọdún bá mú wá.

Lẹ́yìn tí orúkọ bá ti wọ ìwé, ó ku kí ìtọ́jú wà. Ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ bá wà níbẹ̀ ni ó yẹ kí o kọ́kọ́ lọ, àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti pàjáwìrì. Bí àìsàn náà bá kọjá agbára wọn, àwọn ni yóò kọ ìwé tí yóò gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà ti ìjọba tàbí ilé ìwòsàn ńlá mìíràn, wọn yóò sì gba nọ́ḿbà àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Ìyàgbà mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ láti ìgbà àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì máa ń fẹ́ lọ síbẹ̀ tààrà. Kí wọ́n tó gbéra, ó yẹ kí wọ́n bi àjọ léèrè ilé ìwòsàn tí ètò wọn ń bá ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà, kí ẹ̀tọ́ wọn má baà dúró sẹ́yìn wọn.

Ohun tí àwọn tí ó ti ní káàdì ń ráhùn sí jù ni oògùn. Wọn a dé ilé ìwòsàn alábọ́dé, wọn a rí nọ́ọ̀sì, wọn a gba ìwé oògùn, a ó sì ní kí wọ́n lọ rà á ní kẹ́mísìtì. Ìlànà ètò náà kò fi ọwọ́ sí i pé kí aláìní tún máa san owó oògùn ibà tí ìjọba ti san fún. Àwọn nọ́ọ̀sì kan ń sọ pé owó kò dé láti bí oṣù mélòó kan, ó sì lè jẹ́ òtítọ́, nítorí pé a mọ bí owó ìjọba ti máa ń falẹ̀. Ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù tí ó ń buwọ́ lu ìwé owó ni ó lè mọ̀ bóyá ó dé tàbí kò dé. Kí wọ́n máa lẹ iye tí ó wọlé àti ohun tí wọ́n fi rà mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn, kí gbogbo ènìyàn máa kà á. Kí ìgbìmọ̀ sì ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ọjọ́ tí aláìsàn wá, oògùn tí kò bá níbẹ̀ àti iye tí ó fi rà á níta. Ní ìparí oṣù mẹ́ta, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé náà méjì, kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì àjọ ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á wà lórí ẹ̀dà tiwọn kí wọ́n tó wọkọ̀ padà wá sílé.